Èdè Ta Ni A Ó Fi Ṣe Ìrántí Fágúnwà?

Bí ilẹ̀ Òṣóòrò yóò bá ṣe àjọ̀dún ìrántí Olóògbé Daniel Olọ́runfẹ́mi Fágúnwà, inú wa yóò dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe é, láti orí ọ̀rọ̀ ìkíni títí dé orí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, a bẹ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa pé kí ẹ má ṣe dá kọ́bọ̀ owó ìlú sí i. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. A kò rí èyí tí ó rọ̀ jù ú lọ tí a lè sọ.

Ta ni ọkùnrin náà? Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1938 ni ilé ìtẹ̀wé C.M.S. mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní 1949, àwọn mìíràn sì tún tẹ̀lé ìwọ̀nyí. Nínú oṣù December 1963 ni odò kan ní ẹ̀bá Bídà gbé e lọ. Akọ̀wé tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké ni, tí ó tilẹ̀ ti gbé Ìlú Ọba rí. Kì í ṣe pé ó wá èdè mìíràn tì ni ó fi kọ̀wé ní Yorùbá.

Ẹ wá wo ohun tí a ti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn dúdú ṣe àpèjọ ńlá ní Nàìjíríà ní 1977, eré Lángbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí fà yọ láti inú Ògbójú Ọdẹ ni a fi han àlejò. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ní August 2013, nígbà tí ikú rẹ̀ ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé ti ilé àti ti òkè òkun pé jọ sí Àkúrẹ́ nítorí rẹ̀. A kí wọn kú iṣẹ́, nítorí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kò ní ẹnu láti fi bú ẹni tí ó ṣe. Síbẹ̀, ìwé àròkọ tí ó jáde ní 2017 láti fi yẹ́ ẹ sí, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ìyá àgbà tí ó ń yan púpùrù ní abúlé wa, tí ó lè sunkún tí ó sì lè rẹ́rìn-ín bí a bá ka Fágúnwà sí i létí, kò ní ìpín nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé nítorí àlejò ni. Ó dára, ẹ wá ògbufọ̀ fún àlejò! Láti ìgbà wo ni onílé ti ń gba ògbufọ̀ nínú ilé ara rẹ̀? Wọlé Ṣóyínká tí ó yí Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ ìwé náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó kọ́kọ́ kà kí ó tó yí i. Ọmọ tí a kò kọ́ ní Yorùbá lónìí, kí ni yóò rí yí padà lọ́la?

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn wá. Ẹ rántí bí ó ti rí: Àkàrà-Ògùn wá bá akọ̀wé, ó ní kí ó mú gègé àti tákàdá, ó sì ń sọ, èyí ń kọ. Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn ti kàn. Àwọn ènìyàn ti kún ilé láti wá gbọ́. Àpèjọ nìyẹn! Kò sí káńọ́pì, kò sí aṣọ ẹbí, ẹnikẹ́ni kò sì gba àmì ẹ̀yẹ tí a fi dígí ṣe. Ẹnìkan ń sọ̀tàn, ìlú ń gbọ́.

A tún ń gbọ́ ẹjọ́ mìíràn, pé ọmọ Òkè-Igbó ni, kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀, kí ni ó kàn wá? Èyí yà wá lẹ́nu púpọ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni a jọ wà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn Òkè-Igbó kì í ṣe ohùn Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí ohùn Ìkálẹ̀ kì í ti í ṣe é. Ọmọ ìlú kékeré ní etí igbó ni ó mú èdè ìwé tí gbogbo Yorùbá jọ ń lò, tí ó sì lò ó ju àwọn tí wọ́n ń fi í yangàn lọ. Bí ẹnìkan yóò bá sọ pé Fágúnwà kò kàn án, kì í ṣe ọmọ Òṣóòrò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìdí tí a kò fi lè dákẹ́ lọ́dún yìí ni èyí. Ní November 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí ìlànà náà tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ní November 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. A bèèrè: ìwé wo ni wọ́n fún wọn? Olùkọ́ wo ni wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà? Ẹni tí kò gbin iṣu tí ó ń bú ilẹ̀ pé kò mú iṣu jáde, ẹjọ́ ta ni? Nígbà tí ìjọba bá ti èdè jáde ní kíláàsì, tí àwa náà sì tì í jáde lórí pèpéle àjọ̀dún, ibo ni ó kù tí yóò jókòó sí?

Nítorí náà, ohun tí Ẹgbẹ́ wa ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín kò pọ̀. Kí a kọ́kọ́ fi owó ra ìwé Fágúnwà sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Igbótakò, Ìlútìtun, Ìjù-Odò àti Ìjù-Òkè kí a tó ra aṣọ kankan. Kí a ka Ògbójú Ọdẹ sókè ní gbàgede fún alẹ́ mélòó kan, kí ọmọdé kà, kí àgbà kà. Lẹ́yìn ìwé kíkà, kí a fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá wa láti pa ìtàn tiwọn ní ohùn Ìkálẹ̀ gan-an, kí akọ̀wé kan sì jókòó tì wọ́n tòun ti gègé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, àyè wà fún un ní ìparí, fún ìṣẹ́jú márùn-ún.