Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ Lórí Rírọ Ọmọ Ọwọ́

Ẹ̀yin ará wa, àwọn baba wa ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni a fẹ́ fi bá àwọn àgbà ìsinsìnyí sọ̀rọ̀. Orí ọmọ tuntun ń wọ́ lójú wa, àgbà sì wà lọ́jà. Kàkà kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ń jà pé bí ó ti wọ́ yẹn gan-an ni àṣà wa.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan tí ó kọjá, nígbà tí a wí pé kò tọ́ láti máa rọ ọmọ ìkókó ní omi àti àgbo, ẹnì kan dìde, ó ní àwa tí a ń sọ bẹ́ẹ̀ ti di ẹrú òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. A kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, kí ìpàdé má ba à dàrú. A óò dá a lóhùn lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò bá ọmú wí, a kò bá ọ̀já wí, a kò bá oríkì wí. Ohun tí a ń bá wí ni kí a tẹ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta sí orí itan, kí a kó àtẹ́lẹwọ́ jọ sí ẹnu rẹ̀, kí a da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i, kí a sì di imú rẹ̀ mú kí ó lè gbé e mì ní tipátipá. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí kò jìnnà sí ara wọn nínú ọ̀fun. Bí ọmọ bá ń sunkún tí ó sì ń jà fún èémí, ohun tí ó yẹ kí ó lọ sí ikùn a máa lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ àlùfáà ni àwa ń ṣe. Àwa ni a máa ń pè ní ọjọ́ kẹjọ láti sọ ọmọ lórúkọ; àwa kan náà ni a máa ń pè bí ọmọ bá padà lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí ọmọkùnrin. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé ọmú nìkan ni kí ó máa fún un. Nígbà tí ó délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ní òùngbẹ yóò pa ọmọ náà. Ìyàwó kò lè bá ìyá ọkọ jiyàn; ó dákẹ́. Ọmọ náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ. Ìyá àgbà náà ni ó sunkún jù. Ó bi wá pé, “Àlùfáà, kí ni mo ṣe? Bí wọ́n ti rọ èmi nìyí, bí mo sì ti rọ bàbá ọmọ yìí nìyí.” A kò rí èsì fún un. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ìfẹ́ kún ọkàn rẹ̀, ìmọ̀ ni kò tó.

Nínú ìwádìí ìjọba lórí ìlera ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2018, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré ni ó ń mu ọmú nìkan. Ǹjẹ́ a lè ka irú iye báyìí kí a sì máa pàtẹ́wọ́?

Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Nínú ìdá 100 wàrà ìyá, ó tó ìdá 87 tí í ṣe omi. Kò sí ooru ilẹ̀ wa tí kò lè kápá. Wọ́n ní omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n dọ́tí, kí a fún un dànù. Omi pípọ́n náà gan-an ni ó kún fún ohun tí ń bá ọmọ ja àrùn. Omi inú ife àti àgbo inú ìkòkò ni ó ń gbé ìgbẹ́ gbuuru wọ ilé, tí ojú ọmọ fi ń jìn, tí àwújẹ̀ rẹ̀ sì ń wọlé.

Nísinsìnyí, ta ni ẹrú òyìnbó? Kí wàrà inú agolo tó dé, ọmú ni ìyá wa fi ń tọ́ ọmọ fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ìyá sì ni ibùsùn rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ni ó wá sọ fún wa pé agolo sàn ju ọmú lọ. Nínú àwọn òyìnbó pàápàá, obìnrin oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Cicely Williams dìde ní Singapore ní ọdún 1939, ó ní ìpànìyàn ni irú òwò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981 ni àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ayé fi ìlànà lélẹ̀ láti dí àwọn oníṣòwò náà lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí a fi ọmọ sí ọmú, ọ̀nà baba wa ni ó ń pè wá padà sí. Hánà pẹ̀lú kò gòkè lọ sí Ṣílò títí ó fi já Sámúẹ́lì lẹ́nu ọmú.

Ìmọ̀ yìí kì í sì ṣe àlejò láàrín wa. Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti nǹkan bí ọdún 1957, ni Dókítà David Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ níbẹ̀ ti ń wọn àwọn ọmọ, tí wọ́n sì fi ìwé ìwọ̀n lé ìyá lọ́wọ́ kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Irú ìwé náà ti tàn kárí ayé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti gbilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ àlùfáà tí í ṣe olùkọ́, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 títí di 1992, ni ó kéde ọmú, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà káàkiri ilẹ̀ yìí. Ǹjẹ́ òyìnbó ni òun náà bí?

Àwọn kan yóò ní bí a bá fi rírọ sílẹ̀, àṣà bàjẹ́. A ti fi ilà kíkọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ta ni kò mọ̀ wá ní Yorùbá mọ́?

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ògì nìkan kò tó o. Àgbàdo tí a sẹ́, tí a sì dá omi rẹ̀ nù, kò ní agbára tí ń mú ẹran ara dàgbà. Àìsàn tí ń wú ẹsẹ̀ ọmọ, tí ń sọ irun rẹ̀ di pupa, kwashiorkor ni Cicely Williams kan náà pè é nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1935. Èdè Gã ni orúkọ náà, àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ọmú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Àwọn baba wa mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n fi fi àyè sílẹ̀ láàrín ọmọ kan àti èkejì. Kí a po ẹ̀wà, ẹ̀pà lílọ̀, edé àti ẹja mọ́ ògì, kí ọmú má sì dá títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Àwọn tí ó ń sọ pé ẹyin àti ẹran ń sọ ọmọ di olè, kí wọ́n yéé tan ara wọn jẹ. Ebi ni í sọ ọmọ di olè.

Kí ni iṣẹ́ àgbà, nígbà náà? Ó pọ̀. Kí ìyá àgbà wẹ ọmọ, kí ó pọ̀n ọ́n, kí ó kì í, kí ó se ọbẹ̀ tí yóò mú omi ọmú wá, kí abiyamọ lè sùn. Kí baba ọmọ pọn omi, kí ó sì dúró ti aya rẹ̀ nígbà tí ilé bá ń dà á láàmú. Kí ẹni tí ó gba abiyamọ síṣẹ́ rántí pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan sì yan ìyá àgbà mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí yé, kí wọ́n máa bẹ ilé ọmọ tuntun wò kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, nítorí ẹnu ìyá àgbà ni ìyá àgbà ń gbọ́.

A kò lè máa ja ìjà èdè àti ìjà àṣà, kí àwọn tí yóò sọ èdè náà máa kú sí wa lọ́wọ́. Orí ọmọ ń wọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wà lọ́jà.