Ta Ló Fún Àbújá Ní Ahọ́n Ọmọ Ararọ̀mí-Obu?

Àkúrẹ́ tiwa níbí ni wọ́n ti pa ìlànà èdè abínibí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ pàdé ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì fẹnu kò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí tíṣà máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde rẹ̀ ní Àbújá pé ìlànà ọdún 2022, èyí tó ní kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, ti di ohun àná. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Orè láàárọ̀ á dé Àkúrẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbò wa, níbi tí Orè àti Ararọ̀mí-Obu wà, ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri. Àbújá kò ní iṣẹ́ kankan láti yan èdè tí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ kíláàsì kejì ní Ararọ̀mí-Obu. Bí ó tilẹ̀ yan èyí tó dùn mọ́ mi nínú, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́.

Kí ni mínísítà gùn lé? Ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti gba èdè abínibí mọ́ra jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù Kẹsàn-án 2022, kíláàsì kẹrin ló wà nígbà tí wọ́n ń ṣèpàdé ní Àkúrẹ́. Bí kò bá fìdí rẹmi lójú ọ̀nà, ó di ọdún 2034 kó tó jókòó ṣe WAEC. Ọmọ wo wá ni ìlànà 2022 bà jẹ́ nínú ìdánwò 2025? Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, ẹni tó máa dá a kò tíì dé gbọ̀ngàn ìdánwò.

Wọ́n á ní láti 1977 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ń sọ pé kí á fi èdè ilé tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé. Òótọ́ ni, lórí ìwé. Ẹ wá wọ àwọn ilé-ìwé aládàáni wa, níbi tí ọmọ tó bá fọ fanákúlà ti máa ń jẹgba tàbí kó sanwó ìtanràn, kí ẹ tó sọ fún mi pé Yorùbá ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó fìdí rẹmi.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń dá wa lẹ́bi gan-an ńkọ́? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 yẹn kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB sunkún ní gbangba. Ẹ̀rọ wọn ló ṣàṣìṣe, tó ba ìdánwò àwọn ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ígbò, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Oṣù Karùn-ún náà kò tíì parí tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì WAEC fi pẹ́ dé, tí àwọn ọmọ kan fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ lóru. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, WAEC ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́dìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n ní àwọn ṣi í kà, ìdá 62.96 ni. Bí òṣùwọ̀n oníkòkó bá tàsé tó báyìí ní Ararọ̀mí-Obu, àgbẹ̀ á gbé kòkó rẹ̀ padà sílé, á sì ṣépè kó tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ dúró nídìí òṣùwọ̀n yẹn. Ní ìgbà kòkó, ẹ ó rí ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ tó bá bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ oníkòkó. Wọ́n á gbé àpò kọ́, oníkòkó á ka kílò, á yọ ti àpò kúrò, á tún fẹ́ yọ díẹ̀ nítorí pé ó ní kòkó ò gbẹ. Kó tó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò tán, ọmọ yẹn ti sọ iye tó kù létí bàbá rẹ̀. Ó di ọjọ́ Ajé, tíṣà kọ ìṣirò kan náà sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àpò, pẹ̀lú kílò, pẹ̀lú iye tí a óò yọ. Ọmọ ń wo ẹnu tíṣà. Òdo ni wọ́n máa fún un, òdo yẹn ni yóò sì gòkè dé Àbújá, tí ọ̀gá kan á fi kọ̀wé pé ọmọ Odìgbò ò mọ ìṣirò.

Àwọn tó wà nítòsí ọmọ ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n kọ ìwé tuntun fún un, wọ́n sì wá tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dájú láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá di mínísítà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ló jókòó sí tó fi ṣe iṣẹ́ náà. Ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè 1954 gbé ẹ̀kọ́ lé ẹkùn lọ́wọ́, nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ọmọ ti ń wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba àpapọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di 1976. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélógún tẹ̀lé wa lẹ́yìn ló wá ń ju ọ̀pá atọ́nà báyìí.

Wọ́n á bi mí pé èdè wo ni kí wọ́n wá fi kọ́ ọmọ ní Ararọ̀mí-Obu. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ilẹ̀ kòkó àti rọ́bà ni. Ìkálẹ̀ wà níbẹ̀, Oǹdó wà níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó wá dáko wà níbẹ̀, Ìgbìrà àti Ígbò náà wà níbẹ̀. Èmi ò mọ èdè tí ó yẹ fún abúlé kọ̀ọ̀kan. Mínísítà náà ò mọ̀ ọ́n. Hẹ́dímásítà tó ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré lákòókò ìsinmi mọ̀ ọ́n, àwọn òbí sì mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá jókòó ní abúlé kan tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn fẹ́ nítorí pé ọmọ ibẹ̀ ti oríṣiríṣi ilé wá, ẹ ò ní gbọ́ ìjà mi. Ìjà mi wà pẹ̀lú ẹni tí kò débẹ̀ rí tó ń yàn fún wọn.

Àwọn àgbà tíṣà á rán mi létí 1991, nígbà tí ìjọba ológun gbé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé káńsù lọ́wọ́, tí owó oṣù dá, tí tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀, tó fi di pé wọ́n gbà á padà ní 1993. N kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n owó ló dá nígbà náà, ọpọlọ kọ́. N kò ní kí alága káńsù máa san owó oṣù tíṣà, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi náà. Kí àpò owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, dúró síbi tó wà, kí Àbújá sì máa sọ ohun tó kéré jù tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ bó bá parí kíláàsì kẹfà. Ohun tí òfin orílẹ̀-èdè 1999 fi sí i lọ́wọ́ nìyẹn, ìwọ̀n tó kéré jù. Òfin kan náà ló dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá sì ń pariwo ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ọmọ, kó rántí ọdún 2013. Láti wọ ilé-ìwé gírámà ìjọba àpapọ̀, ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gba máàkì 139. Ọmọkùnrin Zamfara, 4. Ọmọbìnrin wọn, 2.

Amẹ́ríkà náà ti dán an wò kí olú-ìlú máa pàṣẹ fún ilé-ìwé. Ní 2002, Bush buwọ́ lu òfin tó fi ìdánwò ọdọọdún dè wọ́n lọ́rùn láti Washington. Nígbà tó di 2015, Obama buwọ́ lu òmíràn tó dá ọ̀pọ̀ agbára náà padà fún ìpínlẹ̀.

Àwọn tó dùn mí jù lọ kì í tilẹ̀ ṣe ará Àbújá. Àwọn kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ ló jókòó kún gbọ̀ngàn yẹn ní Àkúrẹ́, ilé wa ni wọ́n sì ti fi ẹ̀tọ́ wa tọrẹ. Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí Yorùbá nílé-ìwé láti ọdún 2018, ilẹ̀ ò ya. Odìgbò ní aṣòfin méjì nílé ìgbìmọ̀ Oǹdó. Kí àwọn méjèèjì gbé àbá kan wá: pé ìpàdé òbí àti tíṣà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni yóò yan èdè fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, kí SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, tẹ ìwé fún wọn, kí á sì fi èdè kan náà yẹ ọmọ wò. Bí inú bá bí Àbújá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ò tíì ti ilẹ̀kùn. Ó dá ẹjọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù Keje 2024, ó lè gbọ́ ti pátákó ìkọ̀wé náà.