Ìlù Ta Ni Òṣìṣẹ́ Ń Jó?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a ṣì ń gbọ́ ọ ní gáréèjì àti lẹ́nu iṣẹ́ pé bí ìyà àwọn olóṣèlú bá ti pọ̀ jù, kí sọ́jà wá gbà wá. Àwa kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Zimbabwe.

Láti 1980 ni ẹgbẹ́ ZANU-PF ti ń ṣèjọba níbẹ̀, Robert Mugabe sì ni olórí fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Wọ́n máa ń fọ́nnu pé òṣèlú ló ń pàṣẹ fún ìbọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní January 2002, ọ̀gá àgbà àwọn ológun, Vitalis Zvinavashe, là á mọ́lẹ̀ pé àwọn kò ní fara mọ́ olórí tí kò bá ní ìtàn ogun òmìnira lẹ́yìn. Morgan Tsvangirai ló ń bá wí, ẹni tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà, ZCTU, rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe Mugabe láǹfààní nígbà náà. Àṣé ẹni tí ìbọn gbé ró, ìbọn náà lè gbé e ṣánlẹ̀.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni yóò jogún àga. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń ti Grace, ìyàwó Mugabe, lẹ́yìn. Àwọn ọ̀gágun wà lẹ́yìn Emmerson Mnangagwa, igbákejì Ààrẹ. Ní November 6, 2017, Mugabe yọ Mnangagwa. Ní ọjọ́ kẹtàlá, Ọ̀gágun Constantino Chiwenga kìlọ̀ pé bí wọn kò bá yé lé àwọn tó ja ogun òmìnira kúrò, ológun yóò dá sí i. Ẹgbẹ́ fèsì pé ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó mọ́, ọkọ̀ ogun ti wọ Harare, ọ̀gágun kan, Sibusiso Moyo, sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ pé àwọn kò gbàjọba o. (Ará Nàìjíríà mọ ohùn yẹn dáadáa.)

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ìgboro kún. Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ sọ́jà, wọ́n ń gun ọkọ̀ ogun, wọ́n ń jó. A kò bú wọn: ẹni tí ó ń tò ní báńkì láti ìdájí tí kò rí owó gbà, bí ó bá jó, ó tọ́. Mugabe kò sì yẹ ní ẹni tí à ń sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù àti ẹ̀tọ́ láti daṣẹ́ sílẹ̀ kò sí nínú ohun tí ẹgbẹ́ àti ọ̀gágun ń bá ara wọn dúnàádúrà lé lórí. Ní tiwa, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí ẹ̀ka wa bá òun jáde, ìbáà wọ agbádá, ìbáà wọ kákí, kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé lórí méjèèjì yẹn.

Mugabe kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún. Mnangagwa di Ààrẹ, Chiwenga di igbákejì rẹ̀, Moyo ti orí tẹlifíṣọ̀n di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹgbẹ́ kan náà ni.

Ní January 12, 2019, Mnangagwa gbé owó epo bẹntiróò láti dọ́là 1.24 sí 3.31 fún lítà kan. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. ZCTU ní kí òṣìṣẹ́ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba tú sọ́jà síta, ó ti íntánẹ́ẹ̀tì pa, èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ sì kú, oṣù mẹ́rìnlá péré sí ọjọ́ ijó yẹn. Wọ́n wọ́ Peter Mutasa, ààrẹ ZCTU, àti Japhet Moyo, akọ̀wé àgbà rẹ̀, lọ sí kóòtù, wọ́n ní wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé.