Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀pá Ẹ̀yìn: Ta Ni Yóò Jèrè Rẹ̀?

Bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo, ará ilé a máa sọ pé ogbó ni. Lóòótọ́, ogbó ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn ni kí ọ̀pá ẹ̀yìn wọ́ débi pé ènìyàn kò lè nàró láìjẹ̀rora. Àwọn dókítà eegun lè la ẹ̀yìn náà, kí wọ́n sì fi irin àti síkírù tò ó padà. Iṣẹ́ ńlá ni, a máa gba ọ̀pọ̀ wákàtí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò ṣe ní àǹfààní.

Ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2011 lórí aláìsàn 206 tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àwọn tí ó wà láàrin ọdún 25 sí 44, ìdá 17 nínú 100 ni ó bá ìṣòro pàdé, ńlá tàbí kékeré. Láàrin ọdún 45 sí 64, ó di ìdá 42. Láàrin ọdún 65 sí 85, ó di ìdá 71. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò ní kí àgbà má ṣe dán an wò rárá. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn àgbà wọ̀nyí gan-an ni ara tù jù lọ, nítorí pé ìyà tí ó ń jẹ wọ́n tẹ́lẹ̀ pọ̀.

Okun ara tún ṣe pàtàkì ju iye ọdún lọ. Ẹni 70 ọdún tí ó ń jẹun dáadáa, tí ó sì ń dá rìn, lè fara da ohun tí ẹni 60 ọdún tí ó ti rù hangogo kò lè fara dà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ ni síkírù kì í dúró nínú eegun tí ó ti dà bí igi tí ikán jẹ. Sìgá kì í jẹ́ kí eegun tètè so pọ̀. Àtọ̀gbẹ tí a kò kápá a máa sọ ojú ọgbẹ́ di egbò. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà kì í jẹ́ kí aláìsàn mọ ìtura lára.

Ọwọ́ dókítà ni ìyókù wà. Orí gbọ́dọ̀ dúró lókè ìbàdí, kì í ṣe níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá na àgbà ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀yìn lè tún tẹ̀ ní òkè ibi tí irin parí sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí láti ilé pé kí ẹ wá owó iṣẹ́ abẹ òbí yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ǹjẹ́ wọ́n ti yẹ eegun rẹ̀ wò? Ṣé ó ti jáwọ́ nínú sìgá? Ṣé ṣúgà ara rẹ̀ ti rọlẹ̀? Oṣù díẹ̀ tí a fi tún ara ṣe kí abẹ tó dé kì í ṣe àkókò tí ó ṣòfò.