Ẹ Bèèrè Ibi Tí Igi Ẹ̀gẹ́ Ti Wá Kí Ẹ Tó Bèèrè Iye Rẹ̀

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àrùn mòsáíìkì rí, èyí tí í mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ní àbàwọ́n, kí ó lọ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í ta dáadáa mọ́.

Ọ̀nà méjì ni àrùn náà ń gbà rìn: eṣinṣin funfun tín-ín-tín tí í wà lábẹ́ ewé, àti igi ẹ̀gẹ́ tí àwa fúnra wa ń gbé láti oko kan dé òmíràn. Ibi tí eṣinṣin yóò pẹ́ kí ó tó dé, ọkọ̀ akẹ́rù lè gbé igi aláìsàn dé ibẹ̀ láàárín òru kan.

Lóde òní, fóònù ti di ohun èlò oko. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà àti IITA ní Ìbàdàn jọ ṣe ètò tí a ń pè ní PlantVillage Nuru. Bí a bá na fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, ètò yìí lè sọ bóyá mòsáíìkì ni, kódà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti oko púpọ̀ ni a lè fi ṣe máàpù tí yóò fi ibi tí ewu wà hàn.

Èrò tèmi ni pé máàpù kò wúlò lára ògiri ọ́fíìsì. Ìgbà tí àgbẹ̀ fẹ́ ra igi tí yóò gbìn ni ó yẹ kí ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ibi tí kò sí àmì lórí máàpù lè jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò. Máàpù kò lè rí ju ohun tí a bá fi hàn án lọ.

Àwọn kan yóò bèèrè pé, àgbẹ̀ tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ́. Ojúṣe àwa òṣìṣẹ́ ni láti gbé ìkìlọ̀ náà sórí rédíò àti sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní èdè Yorùbá, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Ẹni tí ó gba ìròyìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kò fún un ní ìkìlọ̀, gbèsè ni ó jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ní àwọn ọdún 1990, mòsáíìkì mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Uganda pa oko ẹ̀gẹ́ tì, ebi sì dé. Àrùn mìíràn, tí í mú gbòǹgbò jẹrà nínú ilẹ̀ nígbà tí ewé lè má fi bẹ́ẹ̀ hàn, ti rìn láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé Kóńgò. Orílẹ̀-èdè wa ni ó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní àgbáyé. Àdánù tiwa yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ máa yẹ ewé wò láti ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá ti hù. Ẹ fa èyí tí ó ń ṣàìsàn tu, ẹ má ṣe gé igi rẹ̀ fún aládùúgbò, kí ẹ sì tètè sọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó sún mọ́ yín.