Ìdíje Àwọn Òṣìṣẹ́ Áńbúláǹsì: Coconut Ló Yẹ Kí A Ti Ṣe É

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró rí ní Coconut, níbi tí títì tó ti Òṣòdì bọ̀ ti ń forí lé èbúté Tin Can, tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí tírélà ṣe ń tẹ̀ lé tírélà, bí tánkà epo ṣe ń fẹ̀gbẹ́ kan tánkà epo, bí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe ń yọ́ àárín wọn kọjá, tí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń re ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn sì ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà láàárín táyà àti ẹrẹ̀, yóò gbà pẹ̀lú mi pé ní gbogbo Èkó Àkéte, ọmọ a-rómi-sá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, ṣàṣà ni ibi tó tún yẹ kí iṣẹ́ ìdóòlà ẹ̀mí ti dántọ́ tó ibẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo sì gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí: ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ìdíje ọdọọdún sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ inú áńbúláǹsì àti gbogbo àwọn tó ń sáré pàjáwìrì, kí wọ́n máa ṣe é ní Coconut àti ní Ajégúnlẹ̀, ní ìta gbangba, lójú àwọn ènìyàn gan-an tí ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

Àwọn baba wa ní a kì í ti ojú ogun wẹ́fọ̀n. Ogun ti Coconut kì í sì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé. Irú rẹ̀ ló dé ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí kọ̀ńténà kan wó lu ọkọ̀ èrò ní afárá Ojúẹlẹ́gba. Ènìyàn mẹ́sàn-án kú, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n yọ láàyè. Ìdílé tó sì ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì Coconut kò tíì gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, tí iná bẹ́ ní Abúlé-Àdó, tí Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé-ìwé Bethlehem Girls College, sì kú níbi tó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú ewu. Obìnrin yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí kì í ṣe àlá ọ̀sán. Ní orílẹ̀-èdè Czech, láàárín àwọn òkè Jeseníky, wọ́n ti ń ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1997. Rallye Rejvíz ni wọ́n ń pè é, àwọn ikọ̀ áńbúláǹsì sì ń ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá du ipò níbẹ̀. Wọn a kó sínú ọkọ̀ wọn, wọn a gba ìpè, wọn a sì forí lé ibi tí wọn kò mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n, lọ́sàn-án àti lóru. Wọ́n lè débẹ̀ kí wọ́n bá ọkùnrin tí wọ́n ti fi ọ̀dà àti ìda kùn lẹ́sẹ̀ títí ó fi jọ pé egungun ti yọ síta, wọ́n lè bá aboyún tí ìrọbí ti mú sójú ọ̀nà, wọ́n sì lè bá èrò ọkọ̀ tó dojú dé, tí àwọn kan ń ké, tí àwọn kan dákẹ́ lọ gbári. Àwọn adájọ́ a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a máa kọ ohun tí ọwọ́ ṣe sílẹ̀, wọn a sì kọ ohun tí ọwọ́ gbàgbé.

Ibi tí ọwọ́ ti ń gbàgbé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nílé wa níhìn-ín, a ti fi eré sísá ṣe odidi iṣẹ́ áńbúláǹsì: bí ọkọ̀ bá tètè dé, a yìn ín, bí ó bá pẹ́, a bú u, a kì í sì í béèrè ohun tí àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe láàárín ìgbà tí wọ́n kúnlẹ̀ ti ẹni tó farapa àti ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò, kí a ní kọ̀ńténà já bọ́ lu dáńfó kan ní Coconut ní aago méje àárọ̀, tí ènìyàn márùn-ún sì wà nílẹ̀. Ta ni kí òṣìṣẹ́ méjì tó kọ́kọ́ dé tọ̀ lọ? Èrò tó pé jọ yóò máa nawọ́ sí ẹni tó ń pariwo jù, nítorí ariwo ló ń fa àánú; ṣùgbọ́n ẹni tó ń pariwo ń mí, ẹni tó dákẹ́ ni ikú ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ni láti mọ̀ ọ́n, kó mọ̀ ọ́n kíákíá, kó so àmì pupa mọ́ ẹni tí kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀, kó so àmì ìyeyè mọ́ ẹni tó lè dúró díẹ̀, kó so àmì àwọ̀ ewé mọ́ ẹni tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kó sì ní ìgboyà láti so àmì dúdú mọ́ ẹni tí ẹ̀pa kò bóró mọ́, bí ìyá ẹni náà tilẹ̀ ń fà á láṣọ. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ènìyàn ní ìgboyà yẹn. Àṣetúnṣe ló ń kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde ní itan, ìjá tó le ni a ó fi dì í lókè ojú ọgbẹ́, a ó fún un títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, a ó sì kọ aago tí a dì í sílẹ̀, kí dókítà tó bá gbà á lè mọ iye àkókò tí ẹsẹ̀ náà ti wà láìrí ẹ̀jẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé aago yẹn ṣe pàtàkì? Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọrùn: ní ojú títì wa, ọkùnrin mẹ́rin a di ẹni tó ṣubú mú lápá, wọn a dì í mú lẹ́sẹ̀, wọn a gbé e jù sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì, inú rere sì ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ bí eegun ọrùn ẹni náà bá ti ṣẹ́, ìgbésókè yẹn lè gé mùdùnmúdùn tó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ìbá tún rìn máà rìn mọ́ láéláé. Ẹnì kan ló yẹ kó di orí rẹ̀ mú ṣinṣin kó bá ara dọ́gba, kí àwọn yòókù tó yí i sórí pákó lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ohùn ẹnì kan ṣoṣo tó ń kà á fún wọn. Tí ọkàn ẹlòmíràn bá sì ti dáwọ́ dúró, àfi kí a tẹ̀ ẹ́ ní àárín gbùngbùn àyà, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, nígbà ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, láìsinmi, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ, ìbàjẹ́ tí kò ní àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ àyà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì mọ bí apá ṣe ń rọ̀, bí ọwọ́ ṣe ń fẹ́ fi díẹ̀ díẹ̀ dẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó ti dẹ̀. Adájọ́ tó dúró tì í ni yóò rí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí n lọ jókòó, pé ìlú tí áńbúláǹsì kò tó, owó tí wọn yóò fi ṣeré ìdíje, kí wọ́n fi ra ọkọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, èmi náà sì fẹ́ kí ọkọ̀ pọ̀ sí i. Ní ọdún 2001 ni LASAMBUS, iṣẹ́ áńbúláǹsì ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo Ghana: ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ó lé ní ọgọ́fà ènìyàn tó kú ní pápá ìṣeré Accra, ìbànújẹ́ yẹn ló sì ti àwọn ará Ghana tí wọ́n fi dá iṣẹ́ áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ ní 2004. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2020, ọkọ̀ tuntun 307 ni ìjọba wọn pín káàkiri. Mo yìn wọ́n fún un. Síbẹ̀, owó lè ra ọkọ̀, owó lè ra ọ́síjìn, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kò sí lórí àtẹ. Ìgbà tí ọkọ̀ kò bá sì tó ni ó yẹ kí àwọn tó wà nínú èyí tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn dé góńgó, nítorí kò sí òmíràn lẹ́yìn wọn.

Ta ni yóò tilẹ̀ sọ fún ọmọ Ajégúnlẹ̀ pé ìdíje kì í sọ ni dọ̀gá? Pápá bọ́ọ̀lù Maracana wà níbẹ̀, eruku rẹ̀ ni Odion Ighalo gbá títí ayé fi gbọ́ orúkọ rẹ̀, Ajégúnlẹ̀ kan náà ló sì tọ́ Samson Siasia dàgbà. Kì í ṣe pé ẹnì kan fún wọn ní koríko tútù tàbí bàtà olówó iyebíye, bí kò ṣe pé gbogbo àdúgbò dúró yí ká pápá, wọ́n ń wò, wọ́n ń yìn, wọ́n ń bú, ojú èrò kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù gbàkàn-n-ṣubú. Ojú èrò yẹn ni mo fẹ́ lára àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì wa. Mo sì tún fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà rí iṣẹ́ yìí kí wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1967, ní Hill District nílùú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àdúgbò aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pàá ló ń gbé aláìsàn wọn, Dókítà Peter Safar, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ aráyé bí a ti ń mí sí ẹni tí èémí rẹ̀ ti dá, bá àwọn ẹlòmíràn kó àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú jọ, tí púpọ̀ nínú wọn kò ríṣẹ́ ṣe, ó sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà dáadáa. Freedom House Ambulance Service ni a fi pè wọ́n. Àwọn tí ayé ti pa tì wọ̀nyí di àwòkọ́ṣe. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ wọn wà lára ohun tí Amẹ́ríkà fi ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ áńbúláǹsì rẹ̀. Ní 1975 ìlú gba iṣẹ́ náà, a sì ti púpọ̀ nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí ó jẹ́ ìwà àìmoore tó ń dun ènìyàn títí dòní. Ajégúnlẹ̀ ní irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lọ jàra, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan yóò pè wọ́n.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ kí ìdíje náà mọ sí ọ̀dọ̀ LASAMBUS, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Red Cross àti àwọn panápaná nìkan. Kí ìpele kan wà fún àwọn tó sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ ní tòótọ́: awakọ̀ tánkà, kọńdọ́, òṣìṣẹ́ LASTMA tó ń darí ọkọ̀, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì. Kí a dán wọn wò bóyá wọ́n mọ 112 àti 767 tí a ń pè ní Èkó, àti 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bóyá wọ́n sì lè sọ ibi tí wọ́n wà lọ́nà tí yóò yé ẹni tó gbé fóònù. Èyí tó tilẹ̀ ká mi lára jù nìyí: kí ìdíje náà máà parí nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn áńbúláǹsì. Kí ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí aago máa kà títí aláìsàn yóò fi dé orí bẹ́ẹ̀dì, kí a sì fún àwọn tó ń gbà á wọlé náà ní máàkì. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ ọ́ ní apá ogún rẹ̀ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́. Ìtanràn ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Òfin ọdún 2017 sì ní kí a tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láì kọ́kọ́ béèrè ìwé ọlọ́pàá. Àìmọye ìdílé ni kò mọ̀ pé òfin wọ̀nyí wà. Bí a bá fi ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ṣe apá kan ìdíje, tí a sì ń ka òfin náà sí etí èrò ní Yorùbá, ní Pijin àti ní Ìgbò, bí ó ti yẹ àdúgbò tí gbogbo ẹ̀yà ń gbé, wọn yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ti ìnáwó, àwọn tó ń jèrè ní èbúté Apapa àti Tin Can, àti àwọn tó ni ìsọ̀ epo tó tò lọ bẹẹrẹ ní ẹ̀bá títì yẹn, ni mo rò pé ó yẹ kó gbé e, torí pé ẹrù wọn ló ń kọjá lórí àwa yòókù. Kí àwọn adájọ́ ti ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì àti ti LUTH wá, kí wọ́n lẹ èsì mọ́ gbangba. Kí a má ṣe lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó kùnà nínú ìdíje. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá mú yóò máa fi àṣìṣe pamọ́, àṣìṣe tí a fi pamọ́ ní Coconut lọ́jọ́ ìdíje ló máa pa ènìyàn ní Coconut lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwé àṣìṣe yẹn ni kí wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ fún oṣù tó tẹ̀ lé e. Ikọ̀ tó bá gbẹgbá orókè, kí a rán wọn lọ síbi Rallye Rejvíz, kí wọ́n lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pàdé, kí wọ́n sì kó ohun tí wọ́n bá rí wálé.

Oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ kí wọ́n fi àkọ́kọ́ sí, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí tírélà kò pọ̀, kí àyè lè wà láti tún ohun tó bá wọ́ ṣe kí èrò Kérésìmesì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún ojú títì.