Ta Ni A Bi Léèrè Nípa Igbó Náà?

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2013, àwọn ará abúlé kan ní òkè Niyamgiri, ní ìpínlẹ̀ Odisha ní ilẹ̀ Íńdíà, péjọ láti dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé kí wọ́n gba ilé-iṣẹ́ láyè láti wa òkè náà, kí ó kó bauxite inú rẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti bá a? Bauxite ni òkúta tí a ń yọ alumíníọ̀mù jáde lára rẹ̀. Adájọ́ kan wà ní ìjókòó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ ọjọ́ náà. Ẹlẹ́rìí ni ó wá ṣe. Àwọn àgbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ni a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Àwọn Dongria Kondh ni ó ń gbé orí òkè yìí, nǹkan bí 8,000 ènìyàn. Wọ́n gbà pé Niyam Raja, ọba tí ó fi òfin lélẹ̀, ni ó ni òkè náà, nítorí náà a kì í gé igi orí rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ìgbàgbọ́ lásán ni. Òkúta tí ilé-iṣẹ́ Vedanta ń wá yìí kan náà ni ó ń fa omi òjò mu, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn odò nígbà ẹ̀rùn. Bí a bá kó o lọ, odò yóò gbẹ.

Ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́ ibi ìfọ́kùúta sí Lanjigarh, ní ẹsẹ̀ òkè, kí ó tó gba àṣẹ láti wa òkè rárá. Ẹni tí ó ti gbé ìkòkò kaná kí ó tó béèrè iṣu lọ́wọ́ olóko, ẹ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn! Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2006 ti fi ẹ̀tọ́ igbó lé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lọ́wọ́, àti ní ọjọ́ 18 oṣù Igbe ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Íńdíà pàṣẹ pé kí ìpàdé abúlé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ mú abúlé 12 péré nínú èyí tí ó ju 100 lọ. Gbogbo àwọn 12 náà ni ó kọ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lu ìkọ̀sílẹ̀ náà.

Àwa ńkọ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́? A ní igbó orò, a ní igbó òrìṣà. Láti ọdún 2012 ni àṣẹ ìjọba Benin ti mọ irú igbó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin. Síbẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ bá dé, àgbà méjì tàbí mẹ́ta a tẹ̀ka sí ìwé, àwọn yòókù a sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi. A ń pe ìyẹn ní ìpàdé ìlú.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí wúwo. Ọ̀pọ̀ igbó wa ni obìnrin kì í wọ̀, èèwọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó pa wọ́n mọ́ títí di òní. A kò ní kí ẹnikẹ́ni tú awo. Ohun tí ń bẹ nínú igbó, ti awo ni. Ṣùgbọ́n pé kí igbó wà tàbí kí ó má wà, ti ìlú ni. Àwọn tí ń pọn omi odò tí ó ti ibẹ̀ ṣàn wá, ìyá wa ni wọ́n. Àwọn tí yóò gbé ilẹ̀ náà lẹ́yìn wa, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ìdí wo ni a fi ń fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Ibi ìfọ́kùúta Lanjigarh ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ibòmíràn ni wọ́n ń kó òkúta wá. Ní ọdún 2016, ìjọba Odisha tún lọ bẹ ilé ẹjọ́ pé kí a ṣí ọ̀rọ̀ náà padà. Ilé ẹjọ́ kò gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ igbó kan ní ìlú yín tí a ti tà tàbí tí a fẹ́ tà, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ orúkọ igbó náà, kí ẹ sì sọ irú àwọn tí a pè sí ìpàdé, àti irú àwọn tí a kò pè.